Agbẹjọ́rò Ìjọba àti Ọjọ́ Ọjà Ìyá Fúnmi

Bí ẹ bá dé Old Garage ní Òṣogbo láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí agogo méje tó lù, ẹ máa rí obìnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ dúdú, tó fi ìborí dúdú borí, tó ń wọ́ àpò onítáyà tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Mẹ́kà kọ́ ló ń lọ. Iléṣà ló ń lọ, fáìlì ló sì kún inú àpò náà: fáìlì àwọn tó jalè, àwọn tó lu ènìyàn, àti àwọn tí wọ́n ní wọ́n ṣe é tí àwọn náà ní àwọn ò ṣe é. Àwọn awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Lọ́yà ìjọba, iwájú lẹ máa jókòó o!" Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ò bá pé, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, torí ó rò pé ọ̀kan náà ni òun àti ọlọ́pàá.

Àdíját lorúkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ni. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn fún ọ̀ràn ńlá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yẹ fáìlì wò, tí wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀sùn, tí wọ́n sì ń dìde níwájú adájọ́ láti sọ pé ẹni yìí ló ṣe é, ẹ wo ẹ̀rí. Ọdún kẹtàlá rè é tó ti ń ṣe é. Kò lówó, kò sì gbayì lójú àwọn ẹbí. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan máa ń bi í lọ́dọọdún, nígbà Iléyá, pé kí ló dé tí kò gba ẹjọ́ ilẹ̀ bíi ti àwọn lọ́yà tó kù, kó lè kọ́lé. Àdíját á rẹ́rìn-ín, á tún mú ẹran sí i.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í tilẹ̀ ṣe lọ́yà. Bàbá rẹ̀ ni, Alhaji Mùtàlíbù, tó fi ogójì ọdún tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní àárín ìlú. Bí Alhaji bá tún ẹ̀rọ kan ṣe tán, á ki àkísà bọ̀ ọ́, á rán an fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, á sì gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ìró rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, oníbàárà ìbáà máa fapá jánú. "Kò dún dáadáa" ni gbogbo àlàyé tó ń ṣe. Àdíját kórìíra gbólóhùn yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé, torí pé òun ni wọ́n ń rán lọ ra epo ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹjọ́ Akínkúnmi Awóníyì ni. Ọlọ́kadà ni Akínkúnmi ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ní jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ọlọ́kadà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta sí lẹ́yìn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, olè kan gun ọ̀kadà wọ abà kan lẹ́yìn ìlú náà lọ́sàn-án gangan. Ó fi aṣọ di ojú, ó ti ìyá arúgbó kan ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó sá kòkó sí, ó gbé odidi àpò kòkó gbígbẹ sórí ọ̀kadà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ìyá náà kán. Ṣùgbọ́n bó ṣe nà sílẹ̀ níbẹ̀, ó ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì olè náà. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni.

Ọlọ́pàá kò wá ọ̀nà jìnnà. Wọ́n bi Akínkúnmi pé, "Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Ẹ̀rẹnà, ta ló wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ?" Ó ní, "Èmi náà ni." Wọ́n bi í pé níbo ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní òun sùn sílé lẹ́yìn ìsìn, òun nìkan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Òtítọ́ tó sọ ló fi di ara rẹ̀ lókùn. Láti ìgbà yẹn ló ti wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Iléṣà, tó ń retí ìdájọ́. Bí ẹjọ́ náà bá sì lè dá a lẹ́bi, kò ní ṣẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún mọ́kànlélógún.

Àdíját ló kọ ìwé ẹ̀sùn náà fúnra rẹ̀. Ó sì dá a lójú pé òun máa borí. Ó ti pẹ́ tó ti jàre ẹjọ́ ńlá kan kẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́rìí a máa sá, adájọ́ a máa yí padà, àwọn ẹbí a máa parí ọ̀ràn nílé torí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ti èyí yàtọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ti jẹ́rìí pé Akínkúnmi ló ni nọ́ńbà náà. Ọlọ́pàá ti jẹ́rìí. Ó ku ìyá arúgbó náà nìkan. Orúkọ Àdíját sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyẹn ni ìyàwó Akínkúnmi. Fẹ́yìsayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan tí kì í wá láti Ọ̀fàtẹ̀dó, níbi tó kó lọ bá ìyá rẹ̀ láti bímọ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta kóòtù pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti kúlà oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ló kàn sọ fún Àdíját pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kẹfà tí mo bí Ìléríolúwa yìí ni wọ́n mú bàbá ẹ̀. Kò sí níbi ìkómọ. A ní kó fi orúkọ ránṣẹ́, ó ní rárá, ẹnu ara òun lòun máa fi pe orúkọ tí òun fún ọmọ òun. Títí dòní, kò tíì pè é."

Kí lẹ fẹ́ kí Àdíját wí? Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, kóòtù ló máa sọ." Ó wọ́ àpò rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì bá a délé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kí ìyá arúgbó náà wá jẹ́rìí, Àdíját lọ bá a ní abà, kó lè mọ ohun tó máa sọ ní kóòtù. Ọjọ́ Ajé ni. Mọ́tò gbé e dé Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀kadà sì gbé e gba inú oko kọjá. Ìyá Fúnmilọ́lá ni wọ́n ń pe ìyá náà, Ìyá Fúnmi ni gbogbo abà ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wọ́ láti ìgbà tó ti kán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

"Ẹ kú ọ̀nà o, ọma mi. Ṣe bí ìwọ ni ìjọba rán wá? Jókòó. Ulé ìjọba ò ní iṣu tó dà bí èyí." Ó gbé iṣu sísun àti epo síwájú rẹ̀. Àdíját mọ̀ pé bí òun ò bá jẹ ẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa jáde. Ó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló mú bíìrò. "Màmá, níjọ́ tí olè náà wá, àwọn ará abà dà?"

"Ọjà kúkú ni wọ́n lọ. Ọjọ́ ọjà ni, kò sí ẹ̀dá kan nílé. Èmi nìkan ni mo jókòó ti kòkó tí mo sá."

"Ọjọ́ wo lẹ wá lọ fẹjọ́ sùn?"

"Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni. Mọ́tò kì í wọ ibí bí kò bá ṣe ọjọ́ ọjà. Ọwọ́ mi ti wú bí igi, mo sì ń retí mọ́tò. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Mo sọ fún un, mo ní ó pé ọjọ́ márùn-ún lónìí."

Bíìrò Àdíját dúró lórí ìwé.

Ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ rí, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà ọlọ́rún-ún: bí wọ́n bá ná an lónìí, wọn ò ní ná an fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n tún ti dé. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri kò mọ èyí. Ìyá Fúnmi dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù. Ó ní ó pé ọjọ́ márùn-ún. Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́jọ, ó ku mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Àìkú. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyá náà ń sọ, ọjọ́ kẹrin.

Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni ọlọ́pàá náà o! Ọmọ Yorùbá sì ni Àdíját, tó ka ọ̀rọ̀ ìyá náà nínú fáìlì níye ìgbà, tó sọ Munawwarah ọmọ tirẹ̀ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tó jókòó níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyá rẹ̀ àgbà. Ilé ìwé ló kó sí wa lórí. Bí a bá wà nílé, a ń ka ọjọ́ bíi ti ilé; bí a bá ti mú bíìrò báyìí, ọgbọ́n orí mìíràn ló ń wọ̀ wá. Ojú ti Àdíját débi pé ó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Kí ló dé?" Ìyá Fúnmi bi í.

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan."

Nínú mọ́tò tó ń padà bọ̀ sí Òṣogbo, ó tu ara rẹ̀ nínú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yẹ̀. Òun á kọ̀wé sí adájọ́ pé kó jẹ́ kí òun sọ ọjọ́ kẹta di ọjọ́ kẹrin, ẹjọ́ á sì máa lọ. Jákẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀, nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń to ohun tó máa kọ lọ́kàn, àfi bí ọ̀rọ̀ Fẹ́yìsayọ̀ ṣe sọ sí i lọ́kàn lójijì: ọjọ́ kẹfà tí mo bí Ìléríolúwa yìí ni wọ́n mú bàbá ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n mú Akínkúnmi. Àdíját na ìka ọwọ́ rẹ̀ sórí itan. Àbámẹ́ta, ẹ̀fà. Ẹtì, àrún. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rin. Ọjọ́rú, ẹ̀ta. Ìṣẹ́gun, èjì. Ajé ni oókan. Ọjọ́ Ajé tí olè wọ abà ni wọ́n bí ọmọ yẹn, Ọ̀fàtẹ̀dó sì ni wọ́n bí i sí. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní Ọ̀fàtẹ̀dó, kí ló ń wá nínú oko Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́sàn-án gangan? Ó tún ìka náà kà. Èrò tó jókòó tì í bi í bóyá inú ń run ún.

"Kò dún dáadáa," ó sọ fún obìnrin náà. Ìyẹn ò mọ ohun tó ń wí, ó bá a bẹ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọlọ́pàá tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ báyìí gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tí Fẹ́yìsayọ̀ bímọ sí. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ wá ìwé àkọsílẹ̀ ọdún náà jáde. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹ̀rẹnà: ìyá ọmọ nílò ẹ̀jẹ̀, bàbá ọmọ fún un ní ẹ̀jẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i ní agogo méjìlá ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. *A. Awóníyì.* Ìfọwọ́sí kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nísàlẹ̀ ìwé tí ọlọ́pàá kọ.

"Àbí ẹni tó dákú yẹn ni?" nọ́ọ̀sì náà ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin gìrìpá! A fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán, ó dìde, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwa tí à ń tọ́jú ìyàwó la tún wá ń fún ọkọ ní málítì mu. Ó dìrọ̀lẹ́ kí ojú ẹ̀ tó wálẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀, kò kọ́kọ́ yé e. Ọlọ́pàá bi í pé lọ́jọ́ Ajé náà, ọwọ́ ta ni ọ̀kadà àti jákẹ́ẹ̀tì wà. Ó ní, "Àrẹ̀mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kúkú ni. Òun àti bàbá Ìléríolúwa jọ máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kan ò bá ráyè, ẹnì kejì á bá a gun ọ̀kadà ẹ̀, torí ẹgbẹ́ ò gbà kéèyàn ṣiṣẹ́ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé ló gbé e fún un, tó fi wọkọ̀ wá bá mi. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló gbà á padà. Àrẹ̀mú ò tilẹ̀ sí n'Ímẹ̀sí mọ́. Wọ́n ní ó ti lọ sọ́nà Oǹdó láti ìgbà yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ èyí láti ọdún méjì?" Àdíját bi í, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Fẹ́yìsayọ̀ wò ó. "Ta ló bi wá nípa ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi? Ọjọ́ Àìkú lẹ̀ ń bi wá. Lọ́jọ́ Àìkú, òun ló wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ṣé ká purọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Àdíját jù nínú gbogbo rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun tó gbọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí kò fetí sí èyíkéyìí ńkọ́?

Ní ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ fún Ọlágòkè, tí wọ́n jọ ń lo yàrá kan. Ènìyàn dáadáa ni Ọlágòkè, ó kàn máa ń kánjú ni, tí kì í ṣí ìwé bí fóònù bá wà nítòsí. Ó ní, "Yí ọjọ́ padà, kó o sì máa bá ẹjọ́ rẹ lọ. Ṣé lọ́yà ọkùnrin náà ò ní ojú ni? Kó wá èyí tó kù fúnra ẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ń gbẹjọ́ ọ̀daràn rò. Ṣebí orúkọ ẹ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga?"

Ẹ má rò pé kò wù ú. Ó wù ú. Ó jókòó síwájú fáìlì náà títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì, ó ń rò ó pé lọ́yà Akínkúnmi kò ní mọ̀ láéláé, pé kò sí ẹni tó máa mọ̀ àfi òun àti ọlọ́pàá kan. Nígbà tó ń lọ sílé, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Alhaji ti tú ẹ̀rọ kan palẹ̀ sórí tábìlì, ẹni tó ni ín sì jókòó lórí àpótí, ó fajú ro.

"Bàbá, ṣebí ẹ ti tún èyí ṣe lánàá?"

"Mo tún un ṣe."

"Ó ń ránṣọ?"

"Ó ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tó nípọn, á máa fo. Èmi ni mo dè é, ta ni kó wá tú u?" Kò gbójú sókè. "Bá mi mú túnábíìsì yẹn."

Àdíját mú un fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ajíbádé, olórí gbogbo àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ọ̀gá Ajíbádé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ ìwé ẹ̀sùn yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ìwé ilé ìgbẹ̀bí yẹn ló ṣì í?"

"Ọjọ́ Ajé kejì ni wọ́n kó ọmọ jáde, sà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà níbẹ̀, ó sì wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wò ó."

"O máa dìde sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé ìwọ lo ṣì í?"

"Màá sọ ọ́, sà."

Ọ̀gá Ajíbádé gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nà fún ètò ìdájọ́. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n ìwé náà jáde: ìjọba fa ọwọ́ ẹjọ́ Akínkúnmi Awóníyì sẹ́yìn. Òmíràn sì jáde lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá Àrẹ̀mú.

Ó ku Ìyá Fúnmi. Àdíját kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n lọ gbé e wá sí Iléṣà, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, pẹ̀lú gbogbo aṣọ dúdú tó wọ̀, ó rò ó fún un.

Ìyá náà kọ́kọ́ gbaná jẹ. "Wọ́n ti fún ìjọba ní rìbá! Ọwọ́ mi ńkọ́? Kòkó mi ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fún wa ní nǹkan, Màmá. Àwa la ṣì í. Èmi gan-an ni."

"Ṣebí mo wí! Mo ní ó pé ọjọ́ márùn-ún!"

"Ẹ wí i, Màmá. Àwa la ò kà á bí ẹ ṣe wí i."

Ìyá Fúnmi wo bẹ́ǹṣì tó wà lódì-kejì, níbi tí Fẹ́yìsayọ̀ ti ń fún ọmọ rẹ̀ ní búrẹ́dì. "Jákẹ́ẹ̀tì ni mo rí," ó ní nígbà tó yá, jẹ́jẹ́. "N ò wí fún ẹnìkan rí pé mo rójú ẹ̀. Àbí ọma yìí lọma ẹ̀?" Nígbà tó gbọ́ pé òun ni, ó fi gèlè nu ojú.

Nínú kóòtù, Àdíját dìde. Ó fi èdè òyìnbó sọ ọ́ fún adájọ́: bí ìyá náà ṣe ka ọjọ́, bí ọlọ́pàá ṣe kọ ọ́, bí òun fúnra òun ṣe gbé e wọ inú ìwé ẹ̀sùn láìbéèrè, ibi tí Akínkúnmi wà lọ́jọ́ Ajé, àti ẹni tí jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà Akínkúnmi la ẹnu, kò lè pa á dé. Adájọ́ gbé bíìrò rẹ̀ sílẹ̀, ó wo Àdíját.

"Ìwọ lo kọ ìwé ẹ̀sùn náà?"

"Èmi ni, Mílọ́ọ̀dù. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kóòtù yìí, àti lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn."

Adájọ́ dá Akínkúnmi sílẹ̀, ó sì dá a láre. Akínkúnmi kò gbọ́ òyìnbó náà tán. Ó ṣì dúró síbẹ̀, ó di irin mú. Ògbifọ̀ kóòtù sún mọ́ ọn, ó ní, "Wọ́n ní kó o máa lọ."

"Kí n máa lọ síbo?"

"Ilé ńkọ́?"

Ariwo tí Fẹ́yìsayọ̀ ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ìta ẹnu ọ̀nà. Inú Àdíját dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí to fáìlì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ó pàdánù ẹjọ́ tó dá a lójú jù láti ọjọ́ yìí wá, bẹ́ẹ̀ kò rántí ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ìta ni Akínkúnmi ti rí Ìyá Fúnmi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Ìyá náà ní, "Dìde, dìde. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ọ ṣépè."

"Màmá, ẹ má bínú. Jákẹ́ẹ̀tì mi ló ṣe yín bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gbé e fún un."

Ìyá Fúnmi fi ọwọ́ tó wọ́ náà gbá orí rẹ̀ mú, ó súre fún un, ó ṣe àmín fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí kò mọ ọkùnrin tí gbogbo wọn ń dì mọ́. "Wọ́n wí fún mi pé o ò tíì pe orúkọ tí o fún un."

"N ò tíì pè é, Màmá. Ó wà lẹ́nu mi."

"Nígbà náà, a ó kó o jáde. Bí ẹni pé òní ni wọ́n bí i. Nínú abà mi ni a ó ti ṣe é. Bí n ò bá tilẹ̀ ní kòkó, mo níṣu. Ọjọ́ kẹjọ òní, gbogbo yín ẹ wá." Ó yíjú sí Àdíját. "Ìwọ náà, ìjọba. O ò gbọdọ̀ má wá."

Ọlágòkè, tó bá ẹjọ́ tirẹ̀ wá sí Iléṣà lọ́jọ́ náà, ti yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ń fi ìka tẹ kàlẹ́ńdà. "Òní Ọjọ́bọ̀. Ká fi ẹ̀jọ kún un. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Ọjọ́bọ̀!" ni Fẹ́yìsayọ̀, Ìyá Fúnmi àti Àdíját fi ohùn kan sọ.

Ọlágòkè tún wo fóònù rẹ̀. "Báwo ló ṣe jẹ́ Ọjọ́bọ̀? Bí a bá kà á láti ọ̀la—"

"Lọ́yà," Ìyá Fúnmi ní, ó sì nawọ́ sí Akínkúnmi tó ti gbé ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, tí ọmọ náà ń fi ìka kan irùngbọ̀n rẹ̀. "Òní yìí, ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Àdíját yọ ìwé kékeré rẹ̀ jáde nínú àpò, ó wá ibi tí kò tíì sí ẹjọ́ kankan, ó sì kọ Ọjọ́bọ̀ sí i.